Èmi Ni Mo Sọ Ọ́ Ní Dúródọlá

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Dúródọlá.
Orí fóònù ni, láti Ìkìrun, mo pariwo orúkọ náà
kí atẹ́gùn Dundee má baà gbé e lọ.
N kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ yóò gbọ́, tí kò níí jẹ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi wá.
Mo bá a lórí tìmùtìmù, itan rẹ̀ há mọ́ra
bí àlùmọ́gàjí tí a pa dé,
ọwọ́ òsì dì bí ẹni fi kọ́bọ̀ pamọ́.
Gbogbo ara gan. Ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ni kò gan.
Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, ó ń sùn lọ́sàn-án,
kì í pẹ́ wo apá ibẹ̀.
Morádéyọ̀, ọmọ tèmi, ti gbé e títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ké.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n kanlẹ̀kùn.
Eilidh lorúkọ obìnrin náà, irun rẹ̀ pọ́n bí epo.
Ó bọ́ bàtà láìjẹ́ pé a sọ fún un. Mo fi ìyẹn sọ́kàn,
síbẹ̀ mo gbá ọmọ mọ́yà:
wọ́n ti kìlọ̀ fún mi nílé pé lọ́hùn-ún,
ẹni tó bá mú bébà wọlé, ọmọ ló fẹ́ gbé lọ.
Kò gbé e lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
ó fọwọ́ ra ọwọ́ kí ó móoru, ó di itan ọmọ mú,
ó fà á díẹ̀, ó dúró, ó tún fà á.
Mo ní, háà.
Ọwọ́ yẹn! Mo mọ̀ ọ́n.
Òun ni mo fi wẹ ọmọ mọ́kàndínlógún
lórí àpótí, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, òrí látẹ́lẹwọ́,
ká na apá, ká na itan, ká sọ ọ́ sókè kó má baà ṣojo.
Mo sún mọ́ ọn, mo di ẹsẹ̀ kejì.
Morádéyọ̀ tó ń túmọ̀ fún wa ti sùn lọ sórí àga.
Ọmọ kò mọ èwo ló jẹ́ ti òyìnbó nínú ọwọ́ mẹ́rin.

Ẹnìkan tún wá, ó kọ́ wa bí yóò ṣe gbé ògì mì tí kò fi níí pá a lórí.
Ẹnìkan wọn balùwẹ̀.
Ọkùnrin kan bá wa kọ fọ́ọ̀mù, ojú ewé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n,
kìkì ohun tí ọmọ kò lè ṣe ni wọ́n ń bèèrè.
Mo ní kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín.
Ó wá àyè títí. Àyè kò sí.
Ní Ọjọ́bọ̀, Callum máa ń wá fún wákàtí méjì, kí ìyá sinmi.
Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, Morádéyọ̀ kàn dúró sí kíṣìnì,
kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ìgbà tí férémù dé, irin àti pákó, bẹ́líìtì aláwọ̀ àlùkò mẹ́rin,
mo kọ̀: ọmọ èèyàn kì í ṣe ewúrẹ́ tí à ń so.
Eilidh kò bínú. Ó bèèrè ìtumọ̀ orúkọ ọmọ.
Ẹnu mi wúwo.
Morádéyọ̀ ló dáhùn: Dúró de ọlá.
Ó ní lẹ́nu tiwa, ẹni tó nàró, ó dúró,
ẹni tó ń retí náà, ó dúró.
Eilidh kọ méjèèjì sínú ìwé rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá ti ibi iṣẹ́ dé,
òjò ṣì wà léjìká ẹ̀wù rẹ̀,
ó bá ọmọ lóòró nínú férémù.
Àtòkè ló ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí.
Ó dúró. Ó ní, "O ga o."
Mo mọ̀ pé férémù ló dì í mú. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá,
lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún, a tú u,
itan tún há mọ́ra.

Bàbá rẹ̀ ló tú bẹ́líìtì kẹrin.